Ojú màmá mi tún ń ṣú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátáráàtì

Ọmọ Màmá Aláṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kátáráàtì, ìyẹn lẹ́ńsì ojú tó ti ṣú, fún màmá mi n'Ìbàdàn, tí wọ́n fi lẹ́ńsì sí i. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ní báyìí, wọ́n ní kùrukùru ti bo ojú náà, iná ọkọ̀ a sì máa fọ́n ká mọ́ wọn lójú lálẹ́. Ẹnìkan ládùúgbò ní kátáráàtì ló padà, ó fẹ́ ta oògùn tí wọ́n máa kán sójú. Ṣé wọ́n máa tún ojú yẹn là ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Kátáráàtì kì í padà. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú ojú tí lẹ́ńsì tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ń gbé. Dókítà á kó èyí tó ti ṣú jáde, á fi ẹ̀yìn àpò náà sílẹ̀ kó lè gbé lẹ́ńsì tuntun dúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù sínú àpò ló máa ń hù lọ sẹ́yìn, tí ibẹ̀ á wá rí bíi gíláàsì fèrèsé tí eruku ọyẹ́ bò. Lẹ́ńsì Màmá gan-an ṣì mọ́ kedere.

Kò sí oògùn kíkán tó lè ká a kúrò. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ohunkóhun sí i, má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tì í. Àwọn ojú tí mo ti rí tó bàjẹ́ báyẹn ṣì ń dùn mí.

Léésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, tí wọ́n ń pè ní YAG ló ń ṣe é. Wọ́n á kán oògùn tó ń la ọmọlójú, Màmá á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n á máa gbọ́ “tá, tá”, ìmọ́lẹ̀ náà á sì dá ihò sí àárín ẹ̀yìn àpò. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni Màmá ń lọ sílé.

Àkàndé:
Wọ́n ṣe é fún bàbá mi. Gilókómà, àrùn ojú tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà, wà lára wọn, torí náà dókítà ṣàyẹ̀wò ìfúnpá inú ojú wọn ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè ga sókè o.

Ọmọ Màmá Aláṣọ:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé kò ní dí i lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Rárá, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ojú wọn dáadáa. Ṣúgà náà máa ń ba ibẹ̀ jẹ́, YAG kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Lẹ́yìn léésà, bí Màmá bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tàbí tí òjìji ń bò wọ́n lójú láti ẹ̀gbẹ́ kan, gbé wọn padà lọ́jọ́ náà gan-an, kódà kó jẹ́ òru.