Ìjíròrò Rọ́ṣíà, Íńdíà àti Ṣáínà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé Yevgeny Primakov, olórí ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, ló dá àbá ìjíròrò ẹlẹ́ni mẹ́ta yìí ní New Delhi lọ́dún 1998, àti pé láti 2002 ni àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn ti ń rí ara wọn ní New York, nígbà ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí wọ́n tó ṣe ìpàdé tiwọn gan-an ní Vladivostok lọ́dún 2005.

Ibi tó rú mi lójú nìyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun Íńdíà àti ti Ṣáínà kọlu ara wọn ní àfonífojì Galwan, ní ààlà ilẹ̀ wọn, ẹ̀mí sì ṣòfò, síbẹ̀ àwọn mínísítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára nínú oṣù yẹn kan náà. Ṣé torí pé kò sí àdéhùn kankan tó dè wọ́n ló mú kí èyí ṣeé ṣe (èrò tèmi nìyẹn), àbí Rọ́ṣíà ló ń bẹ̀ wọ́n lábẹ́lẹ̀?

Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gbé owó orí tó ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé láti Íńdíà dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹjọ 2025, Modi, olórí ìjọba Íńdíà, lọ bá Xi ti Ṣáínà àti Putin ti Rọ́ṣíà ní ìlú Tianjin ní Ṣáínà. Ṣé a lè ka ìyẹn sí àjíǹde ìjíròrò náà, nígbà tí Íńdíà kò tíì kúrò nínú Quad (ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, Íńdíà, Japan àti Ọsirélíà)? Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí àwọn ìwé àjùmọ̀sọ ìpàdé wọn kà, kó jọ̀wọ́ tọ́ mi sọ́nà.