Jẹjẹrẹ kíndìnrín Bàbá mi ti ràn dé egungun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n yọ kíndìnrín òsì Bàbá mi lọ́dún 2022 nítorí jẹjẹrẹ, a rò pé ó ti tán. Ní báyìí, ó ti dé egungun ìbàdí. Bàbá ò lè wọ ṣòkòtò ní ìdúró mọ́. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jókòó sí kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ti ìtànṣán tó máa dín ìrora kù yé wa, LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó, la ń lọ fún un. Oògùn ló dà wá láàmú. Dókítà kọ sunitinib, lílò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnìkan ní cabozantinib ló dáa jù tó bá ti wọ egungun. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rà ní Nàìjíríà, ojúlówó o?

Wọ́n tún fẹ́ fa zoledronic acid sí wọn lára kí egungun má baà ṣẹ́, ó sì lè ni kíndìnrín lára. Wọ́n ní èsì creatinine, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ denosumab dípò rẹ̀, ṣé calcium inú ẹ̀jẹ̀ yín ò lọ sílẹ̀ jù? Wọ́n ní kí Bàbá kọ́kọ́ rí dókítà eyín, torí àwọn oògùn egungun yìí lè ba egungun àgbọ̀n jẹ́. Bàbá ní kí ló kan eyín nínú ọ̀rọ̀ ìbàdí!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má júwe àgbo fún mi. Kíndìnrín kan ló kù.