Kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ò fi lè fẹnu kò sórí raw kan ṣoṣo?

Ojú-Lẹ́ǹsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi. Mo fi kámẹ́rà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ya ìgbéyàwó kan, raw ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì sè di àwòrán. Mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, fọ́tò 612, kò sí èyí tó ṣí. Àpótí aláwọ̀ eérú lásán ni mo ń rí. Sọ́fíwíà tí mo ń lò láti 2015 ò mọ fáìlì náà rí. Bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe kámẹ́rà mi àtijọ́, tiẹ̀ sì ń ṣí wẹ́rẹ́! JPEG kì í dán irú ẹ̀ wò. Ṣé kí n sọ gbogbo ẹ̀ di DNG, raw tí Adobe ṣe kí gbogbo kámẹ́rà lè máa lò, ni?

Bàbá Fíìmù:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, fọ́tò rẹ ò sọnù. Ohun tó wà lórí káàdì yẹn ni kò tíì di àwòrán. Iye ìmọ́lẹ̀ tí kóró kọ̀ọ̀kan lórí sẹ́ńsọ̀ gbà ló wà níbẹ̀: nínú kóró mẹ́rin, méjì ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Ètò Bryce Bayer ti Kodak nìyẹn, láti 1976. X-Trans ti Fujifilm to tiẹ̀ lọ́nà mìíràn. Sọ́fíwíà tí kò bá mọ sẹ́ńsọ̀ rẹ á kàn máa wò ọ́ ni.

Ẹni tó ń ṣe kámẹ́rà kì í fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó fi nǹkan tuntun sínú fáìlì. Mo gba ìyẹn. Èyí tí n kò gbà ni ti 2005, nígbà tí kámẹ́rà Nikon D2X ti white balance (ìwọ̀n tó ń mú kí funfun jọ funfun) mọ́ inú NEF, fáìlì raw ti Nikon. Fọ́tò tí èmi yà, kí ni wọ́n ń tì í fún? Dave Coffin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ dcraw, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ tó ń ṣí raw, ní 1997, ló tú u.

Adobe ti gbé DNG jáde láti 2004. Leica gbà á, Pentax ní kí o mú èyí tó wù ọ́. Canon, Nikon àti Sony ṣì wà lórí CR3, NEF àti ARW wọn. Gba DNG Converter ti Adobe, ọ̀fẹ́ ni. Sọ́fíwíà rẹ á ṣí ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde.

Káàdì-Méjì:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ kó má pa ojúlówó rẹ́ o! Mo ṣe é rí. Nígbà tó yá, sọ́fíwíà tí wọ́n fún mi pẹ̀lú kámẹ́rà ní òun ò mọ DNG yẹn rí.

Ojú-Lẹ́ǹsì:
Gbogbo 612 ti ṣí, ẹ ṣé gan-an. Ojúlówó wà nípamọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, ara ìyàwó ń dán lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Lórí kọ̀ǹpútà, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Bàbá Fíìmù:
JPEG kékeré tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sè sínú raw lo rí lẹ́yìn kámẹ́rà. Ọwọ́ ìsebẹ̀ yẹn kì í sábà bá fáìlì dé inú sọ́fíwíà ẹlòmíràn. Wá fọ́tò kan tí aṣọ funfun ti hàn dáadáa, tún white balance ṣe lórí ẹ̀, kí o wá fi kan náà sórí àwọn yòókù. Má tíì fọwọ́ kan pupa.