Ẹ sọ ìrírí yín: kíkọ ìtàn tó ń ya ẹ̀ka

Akọ̀wé Òru: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Kí ni ojú yín rí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kọ ìtàn tí òǹkàwé ń yan ọ̀nà rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ink, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ irú ìtàn yìí, ni mo lò ní tèmi, àmì ìràwọ̀ (*) ni mo sì fi síwájú gbogbo àṣàyàn, láìmọ̀ pé àṣàyàn tó bá ní àmì yìí kì í padà wá mọ́ bí òǹkàwé bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin inú ìtàn mi wọ yàrá kan, ó wo àpótí. Ó padà wá, ó wo fèrèsé. Ó tún padà, ó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ mọ́, ìtàn sì dá dúró gbọnin. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe náà.

Onílà: Àmì àròpọ̀ (+) ni kí ẹ lò, àṣàyàn tó bá ní i kì í parẹ́.

Ìyá Àlọ́: Àmì àròpọ̀ nìkan kò tó. Nínú ìtàn tó ń gùn lọ sísàlẹ̀, ohun tí òǹkàwé ti kà kò kúrò lójú ewé, nítorí náà bí gbólóhùn kan náà bá tún jáde nígbà tó padà sí yàrá yẹn, yóò rí méjèèjì lórí ara wọn, adùn ìtàn yóò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ ọ́:

{Yàrá náà ṣókùnkùn.|Òkùnkùn náà ti mọ́ ọ lára.|O mọ ibi tí àpótí wà láìtan iná.}

Ọ̀kan ni yóò máa jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, ní títò tẹ̀lé ara wọn. Twine, irinṣẹ́ mìíràn fún irú ìtàn yìí, kì í fún mi ní wàhálà yìí, torí pé ewé tuntun ń rọ́pò ti àtijọ́.

Baba Ìkòkò: Kì í ṣe gbogbo ìgbà o. Jonah, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí Twine àkọ́kọ́ ń gbà gbé ìtàn jáde, máa ń to ewé tuntun sísàlẹ̀ èyí tó ṣáájú.

Ìyá Àlọ́: Òótọ́ lẹ sọ, mo gbàgbé rẹ̀.

Aṣọ̀tàn: Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀ka tí ẹ pín sí méjì ń padà pàdé lẹ́yìn ìlà mẹ́ta. Ẹ̀tàn ni mo kà á sí.

Onílà: Bí ìtàn bá ní ipele 10, tí àṣàyàn méjì wà ní ipele kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀ka kankan kò sì pàdé, òpin 1,024 lẹ máa kọ. Ta ló fẹ́ kọ ọ́?

Baba Ìkòkò: Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Kí ìtàn ṣáà rántí ọ̀nà tí èèyàn gbà dé. Bí ó bá fọ́ fèrèsé, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀ka bá pàdé.

Aṣọ̀tàn: Bí ó bá rántí bẹ́ẹ̀, mo gbà.

Akọ̀wé Òru: Mo ti kọ gbólóhùn mẹ́ta sí yàrá náà báyìí, ó sì dára gan-an. Ìkẹrin ni mo ń wá.