Báwo ni atúmọ̀-èdè Yorùbá ṣe lè di ẹni tí a mọ̀ lórí LinkedIn?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìbàdàn:

Mo kí ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ìtumọ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá, mo sì ti ń túmọ̀ ìwé ìlera àti fọ́ọ̀mù ìwádìí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún àwọn tí wọ́n mọ̀ mí. Mo ṣí ojúewé sórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń mọ ara wọn, àwọn tí a jọ so pọ̀ níbẹ̀ sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó gbé iṣẹ́ wá. Àwọn tí a jọ kàwé ló pọ̀ jù, àti àwọn tí n kò mọ̀ rí tí wọ́n kàn ń kí mi kú àárọ̀. Báwo ni àwọn iléeṣẹ́ ìtumọ̀ tó wà lókè òkun ṣe lè rí mi, kí wọ́n sì gbà pé mo mọ iṣẹ́, láìjẹ́ pé mò ń pariwo ara mi lójoojúmọ́? Ṣé kí n máa gbé àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe síbẹ̀ ni?

Ìyá Ògbufọ̀:

Àbúrò, o kú ìforítì. Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè ba orúkọ rẹ jẹ́ kí orúkọ náà tó dé ibì kankan. Má ṣe gbé iṣẹ́ oníbàárà sí gbangba. Fọ́ọ̀mù tí o túmọ̀ kì í ṣe tìrẹ; bí ọ̀gá iléeṣẹ́ mìíràn bá rí i pé o tú u síta, ohun tí yóò rò ni pé tòun náà ò ní pẹ́ débẹ̀. Mú ohun tí kò sí lábẹ́ àṣírí ẹnikẹ́ni, bí ìkéde nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba fi síta, kí o túmọ̀ ìpínrọ̀ kan nínú rẹ̀, kí o sì ṣàlàyé ibi tó ti le àti ìdí tí o fi yan ọ̀rọ̀ tí o yàn. Ẹni tó bá lè sọ bí òun ṣe kọ fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí (èyí tí ènìyàn fi ń gbà láti kópa nínú ìwádìí) tí ìyá kan tí kò kàwé púpọ̀ á fi mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ju ẹni tó kàn kọ ọ́ pé òun já fáfá lọ.

Lẹ́yìn èyí, tún ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ kọ. Àmì 220, létà àti àlàfo pọ̀, ni LinkedIn fún ènìyàn níbẹ̀, ìlà náà ló sì ń bá orúkọ rẹ rìn níbikíbi tí o bá ti sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì náà. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìtumọ̀ kì í sábà gbọ́ Yorùbá. Orúkọ èdè méjèèjì àti ẹ̀ka iṣẹ́ ni yóò tẹ̀ nígbà tó bá ń wá ènìyàn. Nítorí náà, kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé atúmọ̀-èdè ni ọ́, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, nínú ìlera àti ìwádìí ìṣègùn. Mo ti rí àwọn tó kọ “olùfẹ́ èdè, aṣáájú, ayí-ayé-padà” síbẹ̀. N kò mọ ẹni tó ń wá ayí-ayé-padà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé nígbà tí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn wà níwájú rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹ̀gbá:

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ. Ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn yẹn ni mo fẹ́ fi kún un. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí lásìkò yẹn: ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ń rí i déédéé, ìdá 55.6 ní ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 sì ní ó ṣọ̀wọ́n. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tí a kì í rí déédéé ló pọ̀ jù, nítorí ohun tí àwọn tí ẹ jọ kàwé gbọ́ ni ẹ̀yin náà ti gbọ́. Ní 2022, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí mìíràn jáde tí wọ́n ṣe lórí LinkedIn gan-an pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20. Ojúlùmọ̀ tó wà láàárín, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá, ló ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ jù láti rí iṣẹ́ tuntun.

Àwọn tó ń kí yín kú àárọ̀ kò tíì di ojúlùmọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kan tiyín ni kí ẹ wá: àwọn olùwádìí ìlera, àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì òkè òkun, àti ní pàtàkì, àwọn atúmọ̀ Hausa àti Ìgbò. Iléeṣẹ́ tó ń wá Hausa fún iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà sábà máa ń wá Yorùbá pẹ̀lú, atúmọ̀ Hausa tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi. Ẹ tún wo ProZ.com, tó ti wà láti 1999, níbi tí àwọn atúmọ̀ ti ń bi ara wọn léèrè nípa ọ̀rọ̀ tó le.

Ògbufọ̀ Peckham:

Èmi ò gbà kí ènìyàn gbé gbogbo ara lé ìkànnì kan ṣoṣo. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa ní oṣù Kẹfà 2021, oṣù Kínní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Àdírẹ́sì í-meèlì oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè tì í.

Má sì gbé odindi CV rẹ sí gbangba. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń kó CV atúmọ̀-èdè, wọ́n á yí í-meèlì inú rẹ̀ padà, wọ́n á fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni gba iṣẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni orúkọ ni ẹ̀bi máa já lé lórí. Ẹni tó bá béèrè ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, lẹ́yìn tí o bá ti wádìí iléeṣẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún ìlà náà kọ. Ìyá, kí ni kí n kọ sí ẹni tí n kò mọ̀ rí nígbà tí mo bá fẹ́ kí a so pọ̀?

Ìyá Ògbufọ̀:

Àmì 200 péré ni ẹni tí kì í sanwó fún LinkedIn ní fún ìwé kékeré tó ń bá ìbéèrè ìsopọ̀ lọ, iye irú rẹ̀ tó lè fi ránṣẹ́ lóṣù kò sì pọ̀, nítorí náà má fi ṣòfò lórí ìkíni gígùn. Kọ irú èyí: “Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí fún àwọn tí kò kàwé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń túmọ̀ sí Yorùbá. Inú mi á dùn bí a bá so pọ̀.” Kí o sì ti ka ohun náà ní tòótọ́ o, nítorí wọ́n lè bi ọ́. Má béèrè iṣẹ́ nínú ìwé àkọ́kọ́, má sì dárúkọ owó. Bí onítọ̀hún bá gbà, tí kò sì sọ nǹkan kan, fi í sílẹ̀ títí tí yóò fi kọ ohun mìíràn tí o ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ sí, kí o wá sọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní gbangba.