“Àbàwọ́n dúdú” kọ́ ló wà lójú ìràwọ̀

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ ìràwọ̀ ni pé ká pe ibi tó ṣókùnkùn lójú ìràwọ̀ òmìrán (ìràwọ̀ tó ti wú tóbi gan-an) ní “àbàwọ́n dúdú”, ká sì pe bí ìràwọ̀ ṣe ń yí ní “yíyípo”. Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ jẹ́ ká mú “dúdú” ná. Ibẹ̀ ò dúdú. Kò kàn gbóná tó àyíká rẹ̀ ni. Ká ní ooru ojú òmìrán kan jẹ́ 4,600 Kelvin (ìwọ̀n ooru), tí ibẹ̀ jẹ́ 3,600 (irin á hó níbẹ̀ o!). Láti mọ bí ibẹ̀ ṣe ń tàn tó sí àyíká rẹ̀, ẹ fi 4,600 pín 3,600, ẹ kọ èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ fúnra wọn: 0.375. Ibẹ̀ ṣì ń tàn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ti àyíká rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà bá wá dín ní ìdá 10 nínú 100, ẹni tó gba “dúdú” gbọ́ á ní ìdá 10 ojú tó kọ sí wa ló ṣókùnkùn. Ìdá 16 ni. Orúkọ ti ba ìṣirò jẹ́ nìyẹn.

“Àbàwọ́n” ńkọ́? Ìta ni àbàwọ́n ti ń ta sí aṣọ. Inú ni èyí ti wá: agbára òòfà ló dènà ooru tó ń bọ̀ lókè. “Àmì bàìbàì” ni tèmi. Fìtílà tó ń jó bàìbàì kò tíì kú.

Ní ti “yíyípo”, ayé ló ń yípo òòrùn. Òkòtó ò yípo nǹkan kan. “Yíyí lójú kan” ni kó jẹ́.

Àmì bàìbàì la fi ń ka iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ fi ń yí lẹ́ẹ̀kan: ìmọ́lẹ̀ á dín bó bá kọjú sí wa, bó bá tún padà dé, ìyí kan pé. Ṣùgbọ́n àmì méjì tó kẹ̀yìn síra wọn á sọ 100 ọjọ́ di 50. Ẹ fi bí ìlà inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a tú sí àwọ̀ ṣe fẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí bó bá ṣe ń yára yí tó ni ìlà náà ń fẹ̀ tó: ẹ sọ 50.6 di púpọ̀ lọ́nà iye ìgbà tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ (láti àárín dé ojú) fi ju ti òòrùn lọ, kí ẹ fi ìyára ojú rẹ̀, ní kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pín in. Rédíọ́ọ̀sì 10, ìyára 5: 101 ọjọ́ ni, kò sì lè jù bẹ́ẹ̀, torí ìyára tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa tàbí tó ń lọ nìkan la rí.

Ibì kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ ti ń dí wa lọ́wọ́. Ní 2018, àwọn tó fi ALMA (àwọn awò rédíò ńlá ní Chile) wo Betelgeuse, ìràwọ̀ òmìrán pupa kan, sọ pé ọdún 36 ló fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Ní 2024, àwọn míì fi kọ̀ǹpútà hàn pé ojú tó ń hó lásán lè jọ èyí tó ń yí. Ṣé “híhó” la ó pe ìyẹn, àbí “ríru”?