Kí ló jẹ ẹran inú ìkarahun odò mi?

Ọmọ Òwórò: Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí omi Ọya fà ní Lọ́kọ́ja, mo ṣa ẹran odò oníkarahun méjì yẹn nínú iyanrìn, bíi 60. Mo la mẹ́wàá lọ́jọ́ náà: ẹran kún ìkarahun dẹ́nu, ó ki, adùn rẹ̀ sì yọ lọ́bẹ̀ bí ẹni fi ṣúgà tọ́ ọ. Mo kó ìyókù sínú bàsíà de ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo ń pààrọ̀ omi kànga láràárọ̀. Lọ́jọ́ 20, kò sí ìkankan tó kú nínú wọn! Àmọ́ bí mo ti là wọ́n, ẹran ti fẹ́lẹ́, omi lásán ló ń ro jáde. Ọbẹ̀ tẹ́ níwájú àwọn àna wa. Ó dùn mí gan-an. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Tíṣà Kábà: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ebi lo fi pa wọ́n. Ewéko tíntìntín tí ojú wa kò rí ni wọ́n ń sẹ́ jẹ nínú omi odò. Omi kànga mọ́ jù. Glycogen ló gbé wọn ró. Ṣúgà tó so kọ́ra ni, bíi sítáàṣì inú iṣu, òun sì ni àká wọn. Bí wọ́n bá pa ẹnu dé tí ọ́síjìn tán, wọ́n ṣì lè máa lò ó. Ọ̀rá kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń tán, wọ́n á máa jẹ prótéènì ara wọn, omi á sì gba àyè rẹ̀. Kán áyódìn, oògùn olómi pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò, sórí iṣu, á dúdú bí aró. Kán an sórí ẹran odò tó sanra, á pọ́n rúsúrúsú. Lórí èyí tí ebi pa, àwọ̀ áyódìn náà ni wàá máa rí.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Òótọ́ ni, Tíṣà. Àmọ́ mo ti ṣa èyí tó rù látinú odò tààrà rí.

Tíṣà Kábà: Ẹyin nìyẹn, Ìyá. Wọ́n á ná àká sórí ẹyin, wọ́n á kó ọ̀rá sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá yé e tán, ara á joro.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ọmọ mi, agbọ̀n ni kí o kó wọn sí, kí o so ó mọ́ igi létí odò. Inú omi tiwọn ni kí wọ́n ti dúró dè ọ́.

Ọmọ Òwórò: Ẹ ṣé, Ìyá. Mo ti ra agbọ̀n méjì.